Jackie Groenen àti iṣẹ́ tí kámẹ́rà kì í tẹ̀lé

Bí ẹ bá tẹ orúkọ Jackie Groenen sórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, góòlù kan ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé wá bá yín. Ìlú Lyon ni, nílẹ̀ Faransé, ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 2019, ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé àwọn obìnrin, Nẹ́dálándì àti Sweden. Ẹni tó bá borí máa lọ àṣekágbá. Wọ́n ti gbá àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, kò sẹ́ni tó rí ilé ẹnìkejì. Gólì Nẹ́dálándì, Sari van Veenendaal, ti ti bọ́ọ̀lù kan mọ́ òpó. Hedvig Lindahl tó ń ṣọ́lé fún Sweden náà ti ti ìkan mọ́ igi òkè. Ẹsẹ̀ ti wúwo. Ní ìṣẹ́jú 99, bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ Groenen lẹ́yìn òde àpótí, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gbá a, bọ́ọ̀lù náà ń fara nulẹ̀ lọ, Lindahl nawọ́ títí, kò bá a. Oókan sí òdo. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn obìnrin Nẹ́dálándì máa dé àṣekágbá ife ẹ̀yẹ àgbáyé.

Góòlù tó dáa ni. A ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ẹ̀, àwa náà pariwo lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ sọ ni pé góòlù yẹn ti ṣe àkóbá fún ẹni tó gbá a. Ó ti sọ iṣẹ́ ọdún gbọọrọ di fídíò tí kò gùn tó ìgbà téèyàn fi ń bu omi mu.

Àwọn oníròyìn eré ìdárayá kò sì ràn án lọ́wọ́. Ìtàn mẹ́ta ni wọ́n máa ń sọ nípa ẹ̀, a ti kà á débi pé a lè kọ ọ́ lójú oorun: ó ja júdò nígbà tó wà lọ́mọdé, Johan Cruyff ló fẹ́ràn jù, ìdí nìyẹn tó fi ń wọ nọ́ńbà 14 fún orílẹ̀-èdè ẹ̀, ó sì gbá góòlù kan wọlé Sweden. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìkan jẹ́ nípa eré mìíràn, ìkan jẹ́ nípa ọkùnrin mìíràn, ìkan tó ṣẹ́kù sì parí kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Iṣẹ́ obìnrin náà fúnra ẹ̀ dà?

Agbábọ́ọ̀lù àárín pápá ni. Kì í ṣe irú èyí tó ń dúró gbọn-in níwájú àwọn tó ń dènà, bí àgbàlagbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà agboolé, kì í sì í ṣe irú èyí tó ń sá tẹ̀ lé atamátàsé kó lè rí góòlù jẹ. Àárín méjèèjì ló wà. Tí ikọ̀ ẹ̀ bá pàdánù bọ́ọ̀lù, òun ló máa kọ́kọ́ sáré dé. Tí wọ́n bá ti gbà á padà, òun náà ló máa wá ibi tó ṣí sílẹ̀ dúró sí, kí ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́dọ̀ ẹ̀ lè rí ẹni páàsì sí. Tí ẹ bá tẹjú mọ́ ọn, ẹ máa rí i pé orí ẹ̀ kì í dúró sójú kan: ó wo òsì, ó wo ọ̀tún, ó wẹ̀yìn, bọ́ọ̀lù ò tíì dé o. Nígbà tí bọ́ọ̀lù fi máa dé, ó ti mọ ẹni tó wà lẹ́yìn òun, ó sì ti mọ ẹ̀gbẹ́ tí òun máa yí gbà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí júdò yẹn, nítorí àwọn oníròyìn gbé e, wọn ò sì mọ ibi tó yẹ kí wọ́n gbé e sí. Groenen kì í ṣe ẹni tó kàn fi júdò ṣeré. Ó gba ipò kìíní láàárín àwọn ọ̀dọ́ ní Nẹ́dálándì, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ bàbà nínú ìdíje Yúróòpù fún àwọn tí kò tíì pé ọdún 17. Ó ń ṣe méjèèjì pọ̀ fún ìgbà pípẹ́ kó tó wá gbájú mọ́ bọ́ọ̀lù. Ohun tí wọ́n máa ń kọ ni pé júdò ló fún un lágbára, pé ìdí nìyẹn tí àwọn tó ga jù ú lọ kì í fi lè tì í ṣubú. A ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti wo ìjàkadì rí, yálà lójúde tàbí lórí fóònù, mọ̀ pé kì í ṣe alágbára ló máa ń dá èèyàn. Ẹni tó mọ àsìkò ni. Géńdé kan á dúró bí igi àràbà, ẹni kékeré kan á máa yí i ká, á fà á díẹ̀, á tì í díẹ̀, títí ẹsẹ̀ kan á fi kúrò nílẹ̀. Ìgbà tí ẹsẹ̀ yẹn bá wà lófuurufú ló máa wọlé sí i lára. Júdò náà ò yàtọ̀: kí o tó dá ẹnìkan, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ da ìdúró ẹ̀ rú.

Ohun tí Groenen ń ṣe lórí pápá gan-an nìyẹn, àfi pé bọ́ọ̀lù ló wà láàárín. Ẹni tó ń sáré pẹ̀lú bọ́ọ̀lù máa ń tì í síwájú díẹ̀ nígbà gbogbo. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá ti kúrò lára bọ́ọ̀lù títí di ìgbà tó máa tún kàn án, bọ́ọ̀lù náà kò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni. Àlàfo yẹn kò ju ìṣẹ́jú ojú lọ. Ibẹ̀ ni Groenen ń gbé. Kì í já lu èèyàn láti òkèèrè, kì í sì í fi gbogbo ìgbà fi ìdí yọ̀ọ́ lórí koríko kí àwọn òǹwòran lè hó. Ó máa ń sún mọ́ ọ, á dúró, á ṣe bíi pé kò fẹ́ ṣe nǹkan kan, á wá na ẹsẹ̀. Tó bá wá jẹ́ òun ni bọ́ọ̀lù wà lọ́dọ̀ ẹ̀, tí ọ̀tá wà lẹ́yìn, á fi ẹ̀yìn tì í, á gbọ́ ẹ̀gbẹ́ tí ìwúwo onítọ̀hún wà, á sì yí gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Gbọ́ la sọ o. Bí Yorùbá ṣe ń gbọ́ òórùn náà ni obìnrin yìí ṣe ń fi ẹ̀yìn gbọ́ èèyàn. Mítà kan àti sẹ̀ńtímítà 65 ni gíga ẹ̀, kò sì dà bíi pé gíga yẹn ti dí i lọ́wọ́ rí.

Iṣẹ́ kóòdù là ń ṣe jẹun, ẹ jẹ́ ká fi bá yín sọ̀rọ̀ díẹ̀. Níbi iṣẹ́ wa, ẹni tó ṣe bọ́tìnì tuntun tó rẹwà ni wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́ fún. Ẹni tó jókòó títí di òru kí ètò náà má baà dákú nígbà tí èrò bá rọ́ wọlé, ta ló máa pàtẹ́wọ́ fún un? Kò kúkú sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ kò sì ní fídíò. Bọ́ọ̀lù òde òní kún fún dátà; àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n ka gbogbo páàsì, gbogbo bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá sílé, gbogbo ìgbà tí ẹnìkan gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ẹnìkejì. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àwa kọ́ la máa bú dátà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fọwọ́ ara ẹ̀ ṣètò dátà rí mọ̀ pé kì í gba nǹkan kan wọlé ju èyí tí a bá ti ṣí àyè sílẹ̀ fún lọ. Tí Groenen bá dúró sójú ọ̀nà kan, tí ọmọ Sweden gbójú sókè, tó rí i níbẹ̀, tó wá pinnu pé òun ò gbá páàsì yẹn mọ́, tó dá a padà fún gólì ẹ̀, kí ni wọ́n máa kọ sílẹ̀? Wọ́n máa kọ pé ọmọ Sweden gbá páàsì kan, páàsì náà dé. Orúkọ Groenen ò ní sí níbẹ̀ rárá.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá odindi eré Sweden yẹn, kì í ṣe góòlù ẹ̀ nìkan. Ẹ fi ojú yín lé nọ́ńbà 14, ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù máa lọ síbi tó bá fẹ́. Ó máa kọ́kọ́ sú yín. Kámẹ́rà náà máa bí yín nínú, torí bọ́ọ̀lù lòun ń tẹ̀ lé ní tiẹ̀, ó sì máa ń gé obìnrin náà kúrò nínú àwòrán lásìkò tí ẹ fẹ́ rí i jù. Ẹ ní sùúrù. Tó bá tún wọ inú àwòrán padà, ẹ bi ara yín léèrè ibi tó gbà débẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe níye lórí tó, ọdún 2017 ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Nẹ́dálándì ló gbàlejò ìdíje Yúróòpù lọ́dún náà, Sarina Wiegman ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Àwọn mẹ́ta ló wà láàárín pápá: Sherida Spitse, Daniëlle van de Donk àti Groenen. Spitse ló ni bọ́ọ̀lù tó bá ti dúró jẹ́ẹ́, fíríkíìkì ni o, pẹnárítì ni o. Òun ló sì gbá bọ́ọ̀lù fún Nẹ́dálándì jù lọ nínú ìtàn wọn, ẹ ka ọkùnrin mọ́ obìnrin. Van de Donk a máa ya wọ àpótí bí ẹni tí wọ́n ń lé. Iwájú wọn ni Shanice van de Sanden, Vivianne Miedema àti Lieke Martens wà. Ẹ wo iná tó wà níwájú yẹn! Ikọ̀ tó bá ní irú àwọn wọ̀nyí gbọ́dọ̀ ní ẹnìkan tí ara kò ní ta tí wọn ò bá pe orúkọ ẹ̀.

Eré mẹ́fà ni wọ́n gbá, wọ́n borí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Nígbà tí wọ́n lu England 3-0 ní Enschede kí wọ́n tó dé àṣekágbá, Groenen ló gbé bọ́ọ̀lù tí Miedema fi orí kàn wọlé fún góòlù àkọ́kọ́. Ní àṣekágbá, ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ, wọ́n na Denmark 4-2: Miedema gbá méjì, Martens kan, Spitse kan. Martens ni wọ́n mú gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dára jù nínú ìdíje náà, FIFA sì tún fún un ní àmì-ẹ̀yẹ obìnrin tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù lágbàáyé lọ́dún yẹn. Ó tọ́ sí i. Martens máa ń mú kí èèyàn rẹ́rìn-ín níwájú tẹlifíṣọ̀n, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé Martens lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ òsì kó máa retí bọ́ọ̀lù nítorí pé ó dá a lójú pé bọ́ọ̀lù máa padà wá. Ìdánilójú yẹn ní ẹni tó ń ṣe é.

Apá kan wà nínú ìtàn Groenen tó ṣe pàtàkì ju júdò lọ lójú tiwa, òun ni wọ́n sì máa ń fi ìlà kan ṣoṣo kọjá. Tilburg ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1994, ní gúúsù Nẹ́dálándì, níbi tí ààlà Belgium ò ti jìnnà. Apá Belgium ló ti dàgbà. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn ọ̀dọ́ Nẹ́dálándì, àmọ́ nígbà tó wá kan ikọ̀ àgbà, Belgium ló fẹ́ gbá fún. FIFA ní rárá. Òfin wọn nígbà yẹn ni pé ẹni tó bá ti gbá ìdíje gidi fún orílẹ̀-èdè kan, kódà kó jẹ́ ti ọ̀dọ́, kò lè yí padà, àfi tó bá jẹ́ pé ó ti jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè kejì lábẹ́ òfin lọ́jọ́ tó gbá eré yẹn. Groenen kò tíì ní ìwé Belgium lọ́jọ́ náà. Ó parí síbẹ̀.

Ẹ rò ó wò ná. Ọmọdé ni ẹ, wọ́n ní kí o wá gbá bọ́ọ̀lù, o wọ bàtà, o lọ. Ọdún ń gorí ọdún, wọ́n wá sọ fún ẹ pé eré ọjọ́ yẹn ni ìbúra tó o ṣe. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà mọ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, èyí tí o lè fi nǹkan kún ṣùgbọ́n tí o ò lè pa nǹkan rẹ́ nínú ẹ̀. Ó dáa fún owó báǹkì. Ó le fún ọmọ èèyàn. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020 ni FIFA tó tú okùn náà sílẹ̀ díẹ̀, ìgbà yẹn Groenen ti gbá àṣekágbá ife ẹ̀yẹ àgbáyé fún Nẹ́dálándì, kò tún kàn án mọ́.

Ọdún 2016 ló wọ ikọ̀ àgbà Nẹ́dálándì. Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2017, nínú ìdíje Yúróòpù tí a ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, Nẹ́dálándì pàdé Belgium. Níbo? Tilburg! Ìlú tí wọ́n bí i sí, ilẹ̀ tó fẹ́ gbá fún ló wá di ọ̀tá. Spitse fi pẹnárítì ṣíwájú, Belgium san án padà, Martens tún gbá ìkan, 2-1. Ká ní inú fíìmù la ti rí i, a máa sọ pé ẹni tó kọ ọ́ ti ṣe àṣejù. Síbẹ̀, ìtàn yìí kò bá àwòrán tí wọ́n fẹ́ tà mu. Ọmọ tó wọ nọ́ńbà Cruyff, tó gba Nẹ́dálándì là, ìtàn tó yọ̀ lẹ́nu nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n fi òfin dè mọ́ Nẹ́dálándì, tó sì gbà á là, ìyẹn le díẹ̀ láti tà.

Àwọn kan lè fẹ́ ká sọ pé nítorí kò yan ikọ̀ náà fúnra ẹ̀ ló ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tó ń sin àwọn mìíràn. A ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń gbá fún ikọ̀ Nẹ́dálándì náà ló ṣe ń gbá fún àwọn tó ń san owó oṣù fún un.

Ká sọ̀rọ̀ àwọn yẹn kíá. Jámánì ló kọ́kọ́ lọ, Essen, lẹ́yìn náà Duisburg. FCR 2001 Duisburg ti gba ife Yúróòpù ní ọdún 2009, ṣùgbọ́n ní ọdún 2013 gbèsè gbé wọn ṣubú, MSV Duisburg ti àwọn ọkùnrin ló wá gba àwọn obìnrin náà mọ́ra. Ó lọ sí Chelsea, kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè níbẹ̀. Frankfurt ló ti wá di ẹni gidi, láti 2015 sí 2019, nínú ẹgbẹ́ kan tó ti gba ife Yúróòpù lẹ́ẹ̀mẹrin. Ní ọdún 2020, lẹ́yìn tó kúrò, ẹgbẹ́ náà wọ inú Eintracht Frankfurt, orúkọ 1. FFC sì wọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Manchester United, tó ti tú ikọ̀ obìnrin ẹ̀ ká ní ọdún 2005, tí kò sì dá òmíràn sílẹ̀ títí di 2018. Láti 2022 ló ti wà ní Paris Saint-Germain. Ọdún tó tẹ̀ lé e, PSG lé Manchester United kúrò kí wọ́n tó wọ ìpele ìsọ̀rí nínú Champions League.

Ṣé ẹ rí nǹkan tó wà níbẹ̀? Àwọn obìnrin ló dá ilé méjì sílẹ̀ fúnra wọn, tí wọ́n gba ife Yúróòpù, tí àwọn ẹgbẹ́ ọkùnrin tó lówó lọ́wọ́ sì wá gbé wọn mì. Groenen kọjá nínú méjèèjì. Ní ọjọ́ tí àwọn èèyàn bá ń ka ìtàn bọ́ọ̀lù obìnrin Yúróòpù, wọ́n máa rò pé àwọn orúkọ ńlá tí wọ́n ń rí lára aṣọ lónìí ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Àwa tí ilé-iṣẹ́ ti gbé ètò tí a kọ tì rí, tí wọ́n fi orúkọ mìíràn sórí ẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí yé wa dáadáa.

Àmọ́ ẹ má rò pé ìyìn nìkan la gbé wá. Groenen ní ibi tó kù sí. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Nẹ́dálándì ju ọgọ́rùn-ún ìgbà lọ, góòlù tó wà nínú ẹ̀ kò sì pọ̀ rárá fún ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá sílé tó bó ṣe gbá ti Sweden. Ìgbà mìíràn tó yẹ kó gbá a, ẹ̀gbẹ́ ló máa páàsì sí, bí ẹni tó ń bẹ̀rù kí wọ́n má lọ fi ẹ̀sùn ìmọtara-ẹni-nìkan kàn án. Ó máa ń dùn wá. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn góòlù Lyon yẹn, nínú pápá kan náà, wọ́n bá Amẹ́ríkà gbá àṣekágbá, wọ́n pàdánù 2-0. Megan Rapinoe fi pẹnárítì gbá àkọ́kọ́ wọlé ní ìṣẹ́jú 61. Èyí tó yẹ kí ẹ wò ni ti ìkejì, ìṣẹ́jú 69: Rose Lavelle gbé bọ́ọ̀lù, ó gba àárín gbùngbùn pápá sáré, kò sẹ́ni tó dí i lọ́nà, àwọn tó ń dènà ń fẹ̀yìn rìn, ó fi ẹsẹ̀ òsì gbá a wọlé. Àárín gbùngbùn yẹn gan-an ni oko tí Groenen àtàwọn ẹnìkejì ẹ̀ ń ro. Ọjọ́ yẹn, igbó ti hù níbẹ̀.

Bí iṣẹ́ yìí ṣe rí nìyẹn. Àṣìṣe nìkan ló máa ń hàn. Atamátàsé lè fi bọ́ọ̀lù mẹ́rin ṣòfò kó fi ìkarùn-ún di akọni. Ẹni àárín pápá á dí ọ̀nà lógójì ìgbà, ọ̀nà kan tó bá ṣí ni wọ́n máa fi sí fídíò. Ẹsẹ̀ náà sì ń dàgbà. Nínú ìdíje Yúróòpù ọdún 2025, ó wà nínú ikọ̀ tó na Wales 3-0, tí England wá na 4-0, tí Faransé na 5-2, tí wọ́n sì padà sílé láti ìpele ìsọ̀rí. Góòlù mẹ́sàn-án láàárín eré méjì! Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnìkan, ṣùgbọ́n ikọ̀ tí góòlù mẹ́sàn-án wọlé fún ti pàdánù àárín pápá ẹ̀, a ò ní fi ìyẹn pa mọ́ nítorí pé a fẹ́ràn ẹnìkan.

Kí ló wá kàn wá nínú gbogbo èyí, àwa tí a jókòó sí Nàìjíríà? Ó kàn wá gan-an. A ti bá ọmọbìnrin kan ní àdúgbò wa gé fídíò rí, èyí tí aṣojú agbábọ́ọ̀lù kan ní kó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló ní kó jẹ́, kó jẹ́ pé ibi tó dùn jù nìkan ló máa wà níbẹ̀. Àárín pápá lọmọ náà ń gbá. A wo eré mẹ́ta láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Òun ló mú kí ikọ̀ ẹ̀ wà láàyè nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì sí nǹkan tí a lè gé. Ó dúró síbi tó yẹ. Ó gba bọ́ọ̀lù, ó fún ẹlòmíràn. Ó pe ẹnìkan kó padà sẹ́yìn. Kí lo fẹ́ gé níbẹ̀? Ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń gbá iwájú ní fídíò tiẹ̀, orin wà lábẹ́ ẹ̀, ó dùn ún wò. Nígbà tó yá, ọmọ náà sọ fún kóòṣì ẹ̀ pé òun fẹ́ máa gbá iwájú. Ta ló fẹ́ dá a lẹ́bi? Fóònù ló kọ́ ọ.

Àwọn Super Falcons náà mọ ìṣòro yìí. Ẹ bi èèyàn mẹ́wàá léèrè ẹni tó gbá góòlù fún Nàìjíríà ní ọdún èyí tàbí ọdún tọ̀hún, wọ́n máa dá yín lóhùn kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀. Ẹ wá bi wọ́n nípa Halimatu Ayinde, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún dí àárín pápá fún wa. Ẹ máa gbọ́ pé, "Ayinde wo?"

Ó dùn mọ́ wa pé Paris ni ọ̀nà àwọn kan ti pàdé. Jennifer Echegini dé PSG ní oṣù Kìíní ọdún 2024, agbábọ́ọ̀lù àárín pápá lòun náà. Nẹ́dálándì ni wọ́n bí i sí, Nàìjíríà ló ń gbá fún. Ní ọdún 2025, Rasheedat Ajibade, ọmọ Mushin onírun búlúù, darapọ̀ mọ́ wọn. Ẹ fojú inú wò ó: ọ̀kan fẹ́ gbá fún Belgium, wọ́n ní Nẹ́dálándì ló máa gbá fún, ọ̀kan ì bá gbá fún Nẹ́dálándì, ó ní Nàìjíríà lòun fẹ́, ìkẹta, láti Mushin, kò fìgbà kan rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 2025, Faransé lé ikọ̀ Groenen kúrò ní Yúróòpù. Ọjọ́ mẹ́tàlá lẹ́yìn náà, ní Rabat, Mòrókò ti gbá méjì wọlé wa kí a tó jí. Esther Okoronkwo san ìkan, Folashade Ijamilusi san ìkejì, Ajibade tó jẹ́ ọ̀gá ikọ̀ wà níbẹ̀, ó kù díẹ̀ kí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú pé. Okoronkwo gbá fíríkíìkì wá. Ní ìṣẹ́jú 88, Echegini wà níbi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀.